Àmì tí mo fi pílásítà bò lọ́wọ́ àbúrò mi

Ọdún 14 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù pajáwìrì ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti gba ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú, mo ti gba aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, mo ti gba ọmọ tí gìrì gbé lóru. Àmọ́ àìsàn tó fẹ́ pa àbúrò tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e wá bá mi, tí a tọ́jú ibà, tí a tọ́jú ọgbẹ́ inú, tí a ní kó máa lọ sílé. Ìgbà kẹta ló kù díẹ̀ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n má dárúkọ òun, kí n má sì kọ iye kílò tí òun wọ̀n. Mo gbà. Ẹ máa rí ìdí tí kílò yẹn fi ká a lára tó bá yá.

Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ìyá wa kú, ọ̀dọ̀ mi ló sì dàgbà sí. Ilé wa dà bí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú: bàbá wa ń kírun, ẹ̀gbọ́n ìyá wa jẹ́ ìyá ìjọ, a sì jọ ń jẹ Iléyá, a jọ ń jẹ Kérésì. Àbúrò mi tẹ̀ lé bàbá wa. Ní 2023 ó pé ọmọ ọdún 19, ó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ó gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún yẹn pé. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, ó fi ọjọ́ 6 ti oṣù Ṣàwálì kún un. Nígbà tí ìyẹn parí, ó ní òun á máa gba ti Àtìní àti ti Àlàmísì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú bàbá wa dùn débi pé ó ń ròyìn rẹ̀ ní mọ́sálásí. Èmi náà ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ta ni yóò rí ọmọ tó ń gbààwẹ̀, tó ń kírun, tí kò bá ọkùnrin rìn, tí yóò sọ pé àìsàn ló ń ṣe é? Lọ́jọ́ tí kò bá gbààwẹ̀, tí mo bá bu oúnjẹ fún un, yóò ní, "Àǹtí mi, mo ti mu gààrí." Gààrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù ni oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé níbí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹ̀rí. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, tí mo ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, mo rí ike gààrí tí mo dì fún un láti ìgbà tí wọ́n wọlé. Ó kún dé ẹnu. Kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ó sì ti so pọ̀ bí òkúta. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ike yẹn, n kò lè dìde fún ìgbà pípẹ́.

Tẹ́lọ̀ wa ló kọ́kọ́ rí ohun tí nọ́ọ̀sì ò rí. A ti ra aṣọ ẹbí fún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Tẹ́lọ̀ pè mí sẹ́yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo ọmọ yìí dáadáa o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dín aṣọ yìí kù, ó tún ti tóbi. Bí ẹnu rẹ̀ sì ṣe ń sọ ọ́ ni pé ó ṣì há òun." Mo dá a lóhùn pé wàhálà ìdánwò ni, mo sanwó, mo lọ. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló yẹ kó dá mi dúró. Aṣọ ń tóbi, òun ń sọ pé ó há. Ojú tó fi ń wo ara rẹ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo wa fi ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ló dákú ní ìdí ẹ̀rọ omi. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Ara rẹ̀ tutù, òṣùwọ̀n ooru ara kà á sí 35.4. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 46 ní ìṣẹ́jú kan. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀ sínú ìwé, n kò sì rò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni àṣìṣe mi wà. Ẹni tí ibà gbé dákú, tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ máa ń sáré ni, ara rẹ̀ sì sábà máa ń gbóná. Ọmọdébìnrin tó dákú, tí ara rẹ̀ tutù, tí ọkàn rẹ̀ ń wọ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó ní ohun mìíràn tó ń ṣe é. Ebi tó ti pẹ́ lára máa ń mú kí ara dín gbogbo iná rẹ̀ kù: ooru, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, lílù ọkàn, nǹkan oṣù. N kò bi í léèrè nǹkan oṣù. Ó ti tó oṣù 5 tó ti rí i gbẹ̀yìn.

Láàbù ní ibà wà, ó ní táífọ́ọ̀dù náà wà. Ní àdúgbò wa, ó ṣòro kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò kí wọ́n má rí ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwọn yòókù nínú èsì náà dára, ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni. Èsì tó dára yẹn tàn wá jẹ. Ara ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ lè máa fa nǹkan inú iṣan àti egungun jáde láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ dáadáa títí di ìgbà tí kò bá sí ohun tí yóò fà mọ́. Èsì láàbù tó mọ́ kò tíì túmọ̀ sí pé ewu ò sí.

Èmi ni mo wá iṣan rẹ̀ láti fi gbé dírípù. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí itan mi. Lórí oríkèé ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, àpá méjì wà níbẹ̀, ó dúdú, ó le bí awọ ẹsẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ra á. Mo rò ó pé iná ìdáná ni, tàbí ọṣẹ ìfọṣọ. Ó fẹ́ fa ọwọ́ náà kúrò, mo ní, "Dúró jẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ ò dùn ọ́." Mo fi abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà, mo ya pílásítà gígùn, mo sì lẹ̀ ẹ́ bo àpá méjèèjì.

Eyín ló ṣe àpá náà. Ẹni tó bá ń ki ìka bọ ọ̀fun kó lè bì, eyín òkè á máa ha oríkèé ìka yẹn lójoojúmọ́. Orúkọ Gerald Russell, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé ní 1979 lórí bulimia, àìsàn tí ènìyàn fi máa ń jẹun lájẹjù, tí á sì mú ara rẹ̀ bì í, ni wọ́n fi ń pe àmì náà. Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo yege nínú ìdánwò rẹ̀, mo sì gbàgbọ́ lọ́kàn mi pé àìsàn òyìnbó ni, pé ọmọ tó bá ti mọ iyì oúnjẹ ò lè ní in.

Ìgbà kejì jẹ́ oṣù August. Inú rírun, ọ̀nà ọ̀fun tó ń ta á, èébì tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. A pè é ní ọgbẹ́ inú, a fún un ní oògùn rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú nísàlẹ̀ etí bí ti ọmọ tí sẹ́gẹ̀dẹ̀ ń ṣe, torí èébì lemọ́lemọ́ máa ń mú kí ibi tí itọ́ ti ń wá wú. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Háà, o ti sanra! Ara ń bọ̀ sípò." Ìkíni rere ni lẹ́nu àgbà Yorùbá, àdúrà ni. Àbúrò mi dá a lóhùn pé "Ẹ ṣé mà," ó wọ yàrá, n kò sì rí i títí di alẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló tó sọ fún mi pé gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí òun búra pé òun ò ní fi nǹkan kan sẹ́nu fún ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àárín kan náà ni mo rí ìgò àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí méjì nínú báàgì rẹ̀. Mo rò pé jẹ̀dí ń yọ ọ́ lẹ́nu lóòótọ́. Ohun tó ń fi í ṣe ni kó máa yàgbẹ́.

Nígbà tó di pé gbogbo ilé ti mọ̀ pé oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní àwọn ayé ti dí i lọ́fun. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbàdúrà fún un, wọ́n sì ní kó fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀, kó má fẹnu kan omi. Wọ́n bi mí. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń bì kò yẹ kó wà láìmu omi. Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo dínà ìwòsàn ọmọ ìyá mi. Mo ní kó lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ni mo ṣì máa ń jí rò lóru.

Ìdájí ọjọ́ kẹta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ tí kò gbé e mọ́. Iṣan rẹ̀ ń fà, ó ní àyà òun ń fò bí ẹyẹ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn kéré sí mi gan-an lọ́jọ́ orí. Ó ní kí gbogbo wa jáde, èmi náà. Mo bínú. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ bó ṣe fa àpótí kékeré, tó jókòó nísàlẹ̀ ibùsùn. Kò bi í pé kí ló dé tí kò jẹun. Ó ní, "Báwo ni ìwọ àti oúnjẹ ṣe wà látọjọ́ yìí?" Ó dákẹ́, ó ń dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ìbéèrè márùn-ún tí wọ́n gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999 láti fi dá irú àìsàn yìí mọ̀, ó ń sọ wọ́n ní Yorùbá tó rọrùn. Ṣé o máa ń mú ara rẹ bì torí pé o yó jù? Ṣé ẹ̀rù máa ń bà ọ́ pé o ò lè kó ara rẹ níjàánu mọ́ tó bá di oúnjẹ? Ṣé o ti rù gan-an láàárín oṣù mẹ́ta? Ṣé o gbà pé o sanra nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé o rù? Ṣé oúnjẹ ló gba gbogbo èrò ọkàn rẹ? Bí ènìyàn bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjì nínú wọn, ó yẹ kí wọ́n wádìí rẹ̀ síwájú. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni sí máràrùn-ún. Ó tún bi í bóyá ó ti ń rò ó pé kí òun kú. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé n kò gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé n kò gbọ́ ọ nígbà yẹn.

Nígbà tí a padà wọlé, dókítà ka lílù ọkàn rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀, ó jẹ́ 44. Ó ní kó dìde, a dì í mú, ó di 90. Ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀. Ó ní kó lọ́ṣọ̀ọ́, kó sì dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, kò lè ṣe é. Ìdánwò yìí ò gba owó, kò gba iná mànàmáná, ó sì ń sọ bí iṣan ṣe ti run tó. Ó gbé ẹ̀rọ ECG, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, sí i láyà. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ dé, pọ́tásíọ̀mù rẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn nílò láti fi lù dáadáa, jẹ́ 2.3, nígbà tó yẹ kó tó 3.5 ó kéré tán. Èébì àti àgbo ló ti kó o lọ. Ní irú ìwọ̀n yẹn, ọkàn lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì.

Wọ́n fi pọ́tásíọ̀mù sínú dírípù díẹ̀díẹ̀, ojú ò kúrò lára ẹ̀rọ ọkàn. A kì í fi abẹ́rẹ́ tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láé, ó ń pa ènìyàn. Wọ́n fi magnesium kún un, torí bí ìyẹn bá lọ sílẹ̀, pọ́tásíọ̀mù ò ní dúró. Wọ́n fún un ní fáítámìn B1 kí dírípù oníṣúgà tó wọlé. Mo rántí dírípù oníṣúgà tí èmi gbé sí i lára ní oṣù June láìsí B1 kankan, òtútù mú mi. Ṣúgà máa ń lo B1 tó kù lára tán, ọpọlọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Mo rò pé a ti já a gbà. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí dókítà náà ti lọ sílé, mo gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, èyí tí mo fi ẹja àti edé sè dáadáa, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láti kékeré. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ó jẹ ẹ́ nítorí mi. Mo tún fún un ní ọtí mọ́ọ̀tì. Ní alẹ́, mo tún fún un ní òmíràn. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ ń já, ó sì ń pe orúkọ ìyá wa tó ti kú.

Láàbù wa kì í wo fọ́sífétì, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, èmi ni mo gbé ẹ̀jẹ̀ náà sáré lọ sí láàbù àdáni. Ó ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Dókítà náà mú mi lọ sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú, oúnjẹ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló fẹ́ pa á." Ó ṣàlàyé ohun tó yẹ kí n mọ̀. Ara tí ebi ti pa pẹ́, bí oúnjẹ bá dé lójijì, ìsúlínì á ru sókè, á wọ́ fọ́sífétì, pọ́tásíọ̀mù àti magnesium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara. Nǹkan wọ̀nyí á wá gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti iṣan ìmí á sì kọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe kú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tú sílẹ̀ tí àwọn èèyàn fi àánú bọ́ yó. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó mọ̀ nípa oúnjẹ aláìsàn ló ń wọn tirẹ̀: díẹ̀ lówùúrọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n ń fi kún un lójoojúmọ́, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fi kún un. Ó dà bí ìkà lójú ẹbí. Bàbá wa ń béèrè pé ṣé ọmọ òun ni wọ́n ń bu oúnjẹ tó tó ti ẹyẹ fún. Mo ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní ká lọ sí Àrò, ní Abẹ́òkúta, ilé dàrú. "Ṣé ọmọ mi ya wèrè ni?" Ohun tí bàbá wa sọ nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1954, ẹbí ló ń bá aláìsàn wá, tí wọ́n jọ ń gbé ní abúlé ìtòsí títí ara fi yá, pé a ò ní sọ ọ́ nù síbẹ̀. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a jọ lọ. Ìmáàmù àdúgbò wa náà ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Ó jókòó ti bàbá wa àti àbúrò mi, ó ka ẹsẹ 184 nínú Súrà Bákọ́rà, níbi tí Ọlọ́run ti yọ aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn. Ó ní, "Ọmọ mi, aláìsàn ni ọ́. Ìwọ ò jẹ gbèsè." Ọ̀rọ̀ yẹn gba ìbòjú tó ń lò lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ní Àrò ni àbúrò mi ti sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò Ojúde Ọba 2022 ni. Ẹnìkan wò ó, ó ní apá rẹ̀ kún aṣọ. Kò sí nǹkan mìíràn.

Níbẹ̀ náà ni mo ti rí i tí wọ́n ń wọn ènìyàn tó kọ ẹ̀yìn sí òṣùwọ̀n, tí wọn ò sì ka nọ́ńbà náà sókè. Nọ́ńbà yẹn ni àìsàn náà ń jẹ. Bí ó bá kéré, á fẹ́ kó kéré sí i; bí ó bá pọ̀, á fi ìyà jẹ ẹni tó ni í; bí ó bá gbọ́ ti ẹlòmíràn, á bá a díje. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí i níbí.

Nínú ilé, a ti dá ọ̀rọ̀ ara dúró. A ò sọ "o ti rù," a ò sì sọ "o ti sanra." Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ló ṣòro fún jù, ó máa ń fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ní báyìí, ó ti di "Ó dùn mọ́ mi pé mo rí ọ." Mo máa ń jókòó jẹun pẹ̀lú àbúrò mi, oúnjẹ kan náà, àwo kan náà, a sì máa ń wà níbẹ̀ fún bí wákàtí kan lẹ́yìn tó bá jẹun tán, à ń sọ̀rọ̀ ọjà, à ń sọ̀rọ̀ fíìmù, torí àsìkò yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń fà á lọ sí balùwẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń pariwo lé mi lórí, tí á ní mo kórìíra òun. Mo ti mọ̀ pé òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ náà ni.

Ní wọ́ọ̀dù, mo máa ń wo ọwọ́ kí n tó lẹ pílásítà. Mo máa ń ka lílù ọkàn ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá dákú, ọkùnrin àti obìnrin, torí ó ń ṣe ọkùnrin náà. Mo máa ń béèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ ti jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó dára náà ni mò ń bi, torí bulimia kì í sábà hàn lára, pọ́tásíọ̀mù ló ń jẹ. Bí mo bá sì rí àmì náà, n kì í sọ pé "O bì í ni?" Mo máa ń sọ pé mo ní àbúrò kan.

Eyín iwájú rẹ̀ ti jẹ, omi èébì ló jẹ ẹ́, kò sì ní hù padà. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dé lẹ́ẹ̀kan, ó tún ti lọ. Ó ti padà sí Àgọ́-Ìwòyè. Alẹ́ ọjọ́ kan, ó pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ní, "Àǹtí mi, mo bì lónìí. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni." Mo ní ó ṣeun tó sọ fún mi. Mo bi í bóyá àyà rẹ̀ ń fò, ó ní rárá. Ní ìdájí, mo wọ ọkọ̀ lọ bá a, a sì lọ yẹ pọ́tásíọ̀mù rẹ̀ wò. Ó jẹ́ 3.6. A ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà láàbù, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òun jẹ méjì, èmi jẹ méjì.